Onífọ́tò Tí Kò Ní Fọ́tò Ọmọ Rẹ̀

Ìwọ tí wọ́n fún ní ìwé kékeré yìí nínú bọ́ọ̀sì tàbí lẹ́bàá títì, má tíì ká a sápò. Mo ní ìbéèrè kan láti bi ọ́, kò sì le. Láti òwúrọ̀ tí o ti jí lónìí, ẹ̀ẹ̀mélòó ni o ti sọ pé "èmi"? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni o sì ti béèrè bí ẹlòmíràn ṣe sùn, tí o dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀?

Mo mọ̀ pé o lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ kò fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó sì ní kí n má ṣe fi ohunkóhun bò.

Adékọ̀yà ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe ní Kétu, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì Ìkòròdú. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Kì í mutí, kì í jalè, kò sì gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó rẹ̀ rí. Bí o bá ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú títì, o kò ní rí i lára Adékọ̀yà. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ a máa wẹ̀, a máa ya irun, a sì máa fín lọ́fíńdà.

Àwọn onífọ́tò yòókù a máa to fọ́tò àwọn oníbàárà wọn sínú àpótí onígíláàsì lójú ìta, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Nínú àpótí ti Adékọ̀yà, òun nìkan ló kún ibẹ̀. Adékọ̀yà nínú agbádá. Adékọ̀yà nínú kóòtù, tó gbé páìpù sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kì í mu tábà. Adékọ̀yà tó gbé tẹlifóònù sétí, tẹlifóònù tí kò ní wáyà kankan. Adékọ̀yà pẹ̀lú gìtá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ta á. Mo ka mọ́kànlá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo sì rò pé ọkùnrin náà ti kú ni, pé wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀.

Bí o bá sọ fún un pé ìyá rẹ kú, yóò ní pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn èèyàn ńlá tó wá síbi òkú bàbá òun fún ọ. Bí inú bá ń run ọ́, inú tirẹ̀ ti run ún jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ọjọ́ Àjíǹde àti ọjọ́ Kérésìmesì ló máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú ni yóò sì jókòó sí, kì í ṣe nítorí ìwàásù. Àwọn ará Kétu ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Wọn a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé ìwà náà lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìyàwó rẹ̀, Ìbíjọkẹ́, aránṣọ ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni pẹ̀lú. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Lọ́jọ́ ìkómọ, Adékọ̀yà ní òun kò ní gba orúkọ tí kò bá ní Adé nínú, kí gbogbo ayé lè mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó sọ ọ́ ní Adédiwúrà. Ìyá ìyàwó rẹ̀ rọra fún ọmọ náà ní oríkì tirẹ̀, Àpínkẹ́. Láti ọjọ́ náà, Àpínkẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè é, Àpínkẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé òun ń jẹ́ orúkọ mìíràn.

Bàbá rẹ̀ kì í pè é ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Ọmọ yìí" ló máa ń pè é. Ẹ gbé ọmọ yìí kúrò níbí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí fọwọ́ kan bàtà mi. Ọmọ náà a sì tún rìn padà wá, a máa wo ojú rẹ̀ bóyá yóò wo òun.

Nígbà tí Àpínkẹ́ pé ọdún mẹ́ta àbọ̀, ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1978, Ìbíjọkẹ́ bí ọmọkùnrin kan ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìfákọ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, dókítà sì ní kí ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé Àtàndá ni wọ́n gbé Àpínkẹ́ lọ.

Àtàndá yìí ni kápẹ́ńtà tó ń kan férémù fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ti Adékọ̀yà. Ará Ọ̀yọ́ ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá ju Adékọ̀yà lọ, onígbàgbọ́ tòótọ́ sì ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wẹ Àpínkẹ́, òun ló ń di irun rẹ̀, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Odindi ọjọ́ mẹ́rin kọjá, Adékọ̀yà kò yọjú síbẹ̀ láti wo ọmọ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àtàndá àti ìyàwó rẹ̀ ní láti lọ sí Ọ̀yọ́ síbi òkú ẹ̀gbọ́n Àtàndá. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa dé. Wọ́n wẹ ọmọ náà, wọ́n wọṣọ fún un, wọ́n sì fà á lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Adékọ̀yà kò wẹ̀yìn. Ó ń de táì níwájú dígí, nítorí ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò máa fi í jẹ alága ní Ìkòròdú. Ó bínú pé wọ́n gbé ọmọ wá bá òun lọ́jọ́ ayọ̀ òun. Ó fà á lọ́wọ́, wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì dé Máìlì 12, níbi tí wọ́n ti máa wọ èyí tó ń lọ sí Ìkòròdú.

O mọ bí Máìlì 12 ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ọjà. Lọ́rí ń já ata sílẹ̀, àwọn alábàrù ń ké pé kí èèyàn yà lọ́nà, èrò ń bọ́ sílẹ̀, èrò ń wọlé. Ọkùnrin kan tí Adékọ̀yà ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ rí rí i láàárín èrò, ó sì kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ó yin kóòtù rẹ̀. Adékọ̀yà sọ fún un pé alága ni òun máa jẹ́ lónìí. Ọkùnrin náà yìn ín sí i. Adékọ̀yà wá jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ náà, kó lè mú káàdì rẹ̀ jáde nínú àpò àyà.

Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kọ́ndọ́ bọ́ọ̀sì ń pe Ìkòròdú. Ọkùnrin náà ní irú Ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹni tó ń dúró, ó sì bá a gba àyè iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Adékọ̀yà wọlé, ó tún táì rẹ̀ ṣe, mọ́tò sì gbéra.

Fetí sí mi dáadáa níhìn-ín. Èèyàn lè wá ọmọ tì láàárín èrò, kí a sì bá a kẹ́dùn. Ti Adékọ̀yà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbàgbé rẹ̀ ni. Ó gbàgbé pé òun mú ẹnikẹ́ni jáde nílé.

Wọ́n fi í jẹ alága. Ó sọ̀rọ̀ fún bí wákàtí kan. Ó ya fọ́tò mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n ń tú ká, àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ṣùkúrù mú bisikíìtì kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá òun fún ọmọ rẹ̀. Ìgbà náà ni Adékọ̀yà tó rántí ọmọ náà. Agogo mẹ́ta ti lù. Agogo mẹ́wàá ni ó ti já ọmọ náà sílẹ̀.

Ó padà sí Máìlì 12, ó ń sáré kiri láàárín apẹ̀rẹ̀ ata pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Kò rí ọmọ kankan. Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì tó bá níbẹ̀, àgbàlagbà oníwà tútù, fún un ní àga, ó mú bírò, ó sì béèrè orúkọ ọmọ. Adékọ̀yà ní Adédiwúrà ni. Sájẹ́ǹtì béèrè ọjọ́ orí. Adékọ̀yà kò mọ̀ ọ́n, ó ní ọdún márùn-ún.

"Ọ̀gá, aṣọ wo ló wà lọ́rùn ọmọ yín?"

Adékọ̀yà di ojú rẹ̀ kó lè rántí òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó rí ni dígí, ara rẹ̀ nínú dígí, àti táì búlúù tó ń dè. Ó wá ọmọ náà títí nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ìtìjú mú un. Báwo ni òun, alága, ṣe máa sọ fún ọlọ́pàá pé òun kò mọ aṣọ tí ọmọ òun wọ̀?

"Aṣọ búlúù ni," ni ó wí.

Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kó mú fọ́tò ọmọ náà wá. Ó tilẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó ní èyí kò ní ṣòro fún onífọ́tò. Adékọ̀yà ní òun á mú un wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, rédíò kéde rẹ̀. Wọ́n ń wá Adédiwúrà, ọmọ ọdún márùn-ún, tó wọ aṣọ búlúù. Gbogbo ọjọ́ náà ni Adékọ̀yà ń lọ láti ìsọ̀ kan sí ìkejì ní Máìlì 12, tó ń sọ ohun kan náà. Irọ́ tó pa nínú àgọ́ ti wá di òótọ́ lójú ara rẹ̀.

Ó dé ìsọ̀ ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Tàwàkálítù, mùsùlùmí tó ń ta ata rodo ní òṣùwọ̀n, tó ń gbé ní Ìkosí. Ìyá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìdajì, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Uncle, ọmọ kékeré kan mà wà lọ́dọ̀ mi nílé o. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹ́lò ló..."

"Búlúù ni mo wí, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán."

Ó sì sọ̀rọ̀ tán. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́, ó sọ pé àná ni wọ́n fi òun jẹ alága, ó sọ bí ojú ṣe ń ti òun tó. Ìyá náà ń wò ó. Nígbà tí ó parí, ó fún un ní káàdì rẹ̀, ó sì kọjá lọ sí ìsọ̀ tó kàn. Ní wákàtí yẹn, ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí ẹní nílé ìyá náà ní Ìkosí. Bí ó bá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ì bá ti gbé ọmọ rẹ̀ délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Sájẹ́ǹtì tún béèrè fọ́tò. Adékọ̀yà ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn àpótí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀, àwọn fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò. Ó gbé wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó oníyàwó, ọmọ ọlọ́mọ, òkú olókùú. Lẹ́yìn náà ni tirẹ̀, àpótí mẹ́rin gbáko. Kò rí ti Àpínkẹ́. Kò yà á rí, àní lọ́jọ́ ìkómọ, nítorí fíìmù ti tán sórí òun àti agbádá rẹ̀.

Ó wá rántí ọ̀kan. Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, ó dúró níwájú kámẹ́rà tó máa ń fúnra rẹ̀ yà, ọmọ náà sì sáré wọlé, ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín sókè sí i. Kámẹ́rà ti yà kó tó lé e. Adékọ̀yà wá nẹ́gẹ́tíìfù náà títí ó fi rí i, ó sì gbé e síbi ìmọ́lẹ̀.

Ìwọ tí o bá mọ iṣẹ́ fọ́tò mọ̀ pé àwọn onífọ́tò a máa fi bíléèdì ha ojú nẹ́gẹ́tíìfù, kí wọ́n lè mú rorẹ́ tàbí àbàwọ́n kúrò lójú oníbàárà. Adékọ̀yà ti fi bíléèdì ha ọmọ rẹ̀ kúrò. Ó ha orí rẹ̀, ó ha ojú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ha aṣọ Àjíǹde tí ìyá rẹ̀ rán fún un. Ọwọ́ kékeré kan ló kù lórí ṣòkòtò, ìka mẹ́rin. Kò ha ìyẹn, nítorí pé bí ó bá ha á, ìlà ṣòkòtò náà máa bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni Àtàndá àti ìyàwó rẹ̀ ti bá a lórí ìjókòó, tó di fíìmù náà mú. Wọ́n ti Ọ̀yọ́ dé láàárọ̀ náà, àwọn aládùúgbò sì ti sọ fún wọn. Àwọn méjèèjì ti gbọ́ ìkéde náà nígbà tí rédíò tún ṣe é, nínú mọ́tò ní Ìbàdàn. Wọ́n tilẹ̀ gbàdúrà fún àwọn òbí ọmọ náà. Wọn kò mọ̀ pé Àpínkẹ́ ni, nítorí wọn kò gbọ́ Adédiwúrà rí, aṣọ yẹ́lò sì ni ìyàwó Àtàndá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ fún ọmọ náà.

Adékọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi ti bàjẹ́. Kí ni mo máa sọ fún ẹgbẹ́? Ojú wo ni Ìbíjọkẹ́ á fi máa wò mí? Kí ni mo ṣe tí irú èyí fi dé bá mi?"

Àtàndá jókòó tì í. Kì í ṣe ẹni tó máa ń pariwo.

"Adékọ̀yà, láti ìgbà tí mo ti wọlé, orúkọ ẹ, ojú ẹ, ẹgbẹ́ ẹ ni mò ń gbọ́. O ò tíì bi ara ẹ bóyá ọmọ yẹn á ti jẹun. Ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ara ẹ lò ń ṣọ̀fọ̀, o ò tíì ṣọ̀fọ̀ ọmọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọkùnrin náà lára ju ohun tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un rí lọ. Ó na fíìmù náà sí Àtàndá. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ irọ́ tó pa nínú àgọ́, ìyàwó Àtàndá sì gbé ọwọ́ lé orí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, wọ́n ń sáré. Wọ́n sọ òótọ́ fún Sájẹ́ǹtì, wọ́n sì gba Máìlì 12 lọ. Ojú ọ̀nà ni Adékọ̀yà ti rántí aṣọ yẹ́lò tí ìyá aláta kan dárúkọ fún un.

Nígbà tí Tàwàkálítù gbọ́ orúkọ Àpínkẹ́, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ata lọ́wọ́.

"Àpínkẹ́? Àpínkẹ́ ló pe ara rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo rí i tó dá wà lọ́jà yìí, ọjọ́ méjì ló sì fi sùn lọ́dọ̀ mi. Òwúrọ̀ yìí ni mo mú un wá sọ́jà, pé tí mo bá tà tán, kí n mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Obìnrin kan ní òun mọ̀ ọ́n, pé Àpínkẹ́ ọmọ Ògùdú ni, pé òun mọ ìyá rẹ̀. Mo fà á fún un. Bàbá Àpínkẹ́, ṣebí ẹ wá síbí lánàá. Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán."

Wọ́n lọ sí Ògùdú lójú ẹsẹ̀, òun náà fi ọjà sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wọ ilé dé ilé, láti inú ìlú àtijọ́ títí dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé tuntun. Wọ́n rí Àpínkẹ́ kan níbẹ̀ lóòótọ́, ọmọ ọdún méje, tó ń fọ abọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò mọ obìnrin kankan tó lọ sí Máìlì 12 láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ obìnrin náà. Títí di òní, a kò mọ̀ bóyá àṣìṣe ló ṣe tàbí ìkà ló fẹ́ ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, Adékọ̀yà lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ kí Àtàndá bá òun sọ ọ́, Àtàndá kọ̀. Ìbíjọkẹ́ kò kígbe. Ó bi í pé ta ló di ọwọ́ ọmọ náà mú gbẹ̀yìn. Adékọ̀yà sọ òótọ́ fún un, láti orí káàdì títí dé orí bíléèdì. Obìnrin náà gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì kọjú sí ògiri. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí nọ́ọ̀sì fi ní kó máa lọ.

Láti Ìfákọ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Kétu, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù Àtàndá. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun lè ṣe mọ́. Àtàndá kò sọ fún un pé gbogbo nǹkan á dára, nítorí kò mọ̀ bóyá á dára. Ó sọ fún un nípa Jésù, Ọmọ Ọlọ́run, ẹni tí ògo tirẹ̀ jẹ́ tòótọ́, tí kò sì di í mọ́ra. Ó fi í sílẹ̀ ó wá wá àwọn tó sọnù, ó mọ orúkọ wọn, ó sì kú lórí igi nítorí àwọn tí kò rántí rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wẹ ẹni tó gbàgbé ọmọ ara rẹ̀ mọ́ pàápàá.

Adékọ̀yà kúnlẹ̀ sórí ìrẹ́pẹ́ igi. Ó gbàdúrà báyìí, mo sì kọ ọ́ bí Àtàndá ṣe sọ ọ́ fún mi: "Olúwa, èmi ni mo fi ara mi ṣe ọlọ́run. Mo jẹ̀bi. Mi ò ní ohun tí mo lè fi gbèjà ara mi. Dárí jì mí nítorí Jésù. Àpínkẹ́ kéré, Olúwa, òtútù ń mú, kò sì mọ ọ̀nà ilé. Jọ̀ọ́, wà pẹ̀lú rẹ̀."

Olúwa gba ọkùnrin náà là lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ó gbà á là, nítorí mo mọ ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, mo sì mọ ẹni tó jẹ́ nísinsìnyí. Inú mi ì bá dùn láti sọ fún ọ pé bó ṣe ń ṣe àmín ni ẹnì kan gbé ọmọ náà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń parí irú ìtàn yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù méje ti kọjá, a kò tíì rí Àpínkẹ́.

Adékọ̀yà fi ipò alága sílẹ̀. Òun ló ń wẹ ọmọ ọwọ́ láràárọ̀, òun ló ń po ẹ̀kọ. Ìbíjọkẹ́ padà sílé, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ó bá pọn dandan, kò tíì sọ pé òun dárí jì í. Adékọ̀yà kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yára. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun àti Àtàndá, nígbà mìíràn òun àti Tàwàkálítù, a máa lọ sí Ògùdú, wọn a máa lọ sí àdúgbò Anthony, wọn a máa béèrè. Ó ti lọ bá gbogbo aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ fún òun bí ọmọ òun ṣe rí. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ló ti ń mọ̀ ọ́n.

Ó bẹ̀ mí pé kí n kọ ohun tó ti mọ̀ síhìn-ín. Àpínkẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Ó pupa díẹ̀. Àpá kékeré wà lórí orúnkún òsì rẹ̀, níbi tí igi Àtàndá ti ya á. Ìka àárín méjì ló máa ń mu bó bá fẹ́ sùn. Ó máa ń pe omi ní "mómi." Bí ajá bá ń gbó, kì í sá, a máa bá a wíjọ́. Bí o bá rí i, jọ̀wọ́, mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá èyíkéyìí, kí o sì jẹ́ kó sọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Wàyí o, ìwọ tí ò ń kà á. O lè sọ pé o kò já ọmọ sílẹ̀ lọ́jà rí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ nílé tí o kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán? Ìyàwó wo, ọkọ wo, ìyá arúgbó wo ló ń wo ojú rẹ bóyá wàá wo òun? Bí wọ́n bá sì bi ọ́ nípa Ọlọ́run tó dá ọ, tó ń fún ọ ní èémí tí o fi ń yin ara rẹ, ṣé o lè sọ ohun kan nípa rẹ̀ tí kì í ṣe àgbọ́sọ?

Mi ò fẹ́ tàn ọ́. Ìrònúpìwàdà kì í dá gbogbo ohun tí ìgbéraga ti bàjẹ́ padà. Ohun kan wà tó máa ń gbà là, ìyẹn ọkàn rẹ, bí o bá yíjú sí Jésù nígbà tí àyè ṣì wà. Adékọ̀yà yíjú sí i, ó sì rí àánú gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ wà ní Ìkosí, ìrìn ẹsẹ̀ kékeré síbi tó dúró sí, ọkùnrin náà sì ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló fi pẹ́.

Má ṣe dúró di ọ̀la. Níbi tí o wà yìí, kí o tó bọ́ nínú bọ́ọ̀sì, sọ fún Olúwa pé o jẹ̀bi. Má ṣe ṣàlàyé ara rẹ fún un. Bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà ọ́, lẹ́yìn náà kí o dákẹ́, kí o sì jẹ́ kí Ó sọ̀rọ̀ tán.